Ẹni tí ebi ń pa létí ààlà: ohun tí mo kọ́ ní Bakassi

Bí ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà fà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, bá délẹ̀ láàárín àwa ará òkè, ohun méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ìjọba ló ta ilẹ̀ náà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni kò fẹ́ràn Nàìjíríà, pé nítorí owó ni wọ́n ṣe sáré gba ìwé Kamẹrúùnù. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló máa ń dùn mí wọ egungun, nítorí mo gbé láàárín wọn. Akpabuyo ní ìpínlẹ̀ Cross River ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní 2012, n kò sì jáwọ́ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Edé ni mo ń tà, Ikang ni mo ti ń rà á. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé àìrówóná kì í pa ìfẹ́ ìlú ẹni bí a ṣe rò. Ẹjọ́ rírò ló máa ń sọ ọ́ dà. Ẹni tí ìlú rẹ̀ ti jù sílẹ̀, tí òun kò sì tíì ju ìlú náà sílẹ̀, tọ̀sán-tòru ni yóò máa rojọ́. Kò tíì lọ níbi kankan nìyẹn. Ẹni tó ti dákẹ́ ni kí ọkàn wa má balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ àti igi ẹ̀gbà ni Bakassi, omi yí i ká, òkun wà níwájú rẹ̀. Àwọn Efik àti Ibibio ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) wà níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ tiwa náà kò sì gbẹ́yìn, nítorí ibi tí ẹja bá wà létí òkun, Ìlàjẹ á fi ọkọ̀ débẹ̀. Ẹja àti edé ni ọrọ̀ ibẹ̀. Epo rọ̀bì tí àwọn ènìyàn ń pariwo pé ó wà lábẹ́ omi yẹn, n kò tíì pàdé apẹja kan tó fi ojú kan owó rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1913, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tọwọ́ bọ ìwé ààlà kan ní London, ìwé náà sì fi Bakassi sí ìhà Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Ní 1975, Gowon, olórí Nàìjíríà, àti Ahidjo, ààrẹ Kamẹrúùnù, tún fọwọ́ sí òmíràn ní ìlú Maroua lórí ààlà ojú omi. Ní ìparí 1993 àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹta 1994 Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, ó sì di ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002 kí ilé ẹjọ́ náà tó dá Kamẹrúùnù láre. Ìwé 1913 yẹn ni àwọn adájọ́ dì mú. Pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, pé ìjọba Nàìjíríà ti ń ṣe ètò ìlú fún wọn, ìyẹn kò tó láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2006, Ọbásanjọ́ àti Paul Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní New York lórí bí Nàìjíríà yóò ṣe kúrò ní Bakassi, níṣojú Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà àwọn ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2008, ìyókù ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù.

Mo to àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kalẹ̀ nítorí pé àwọn ará Ikang mọ̀ wọ́n lórí. Obìnrin tí kò ká ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á bá ọ sọ̀rọ̀ Greentree bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀. Ó mọ ọdún, ó mọ oṣù, ó mọ ẹni tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún nínú fọ́tò. Àwa tí a wà lókè ni a ti gbàgbé.

Opó ni ìyá tí mo gbé ilé rẹ̀, ọmọ Efik ni. Abana ló ti ṣí wá, èyí tí Kamẹrúùnù ń pè ní Jabane báyìí. Ó ní agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà, tó máa ń fi aṣọ wé, tó sì ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí a jáde, ó tú u sílẹ̀ fún mi. Rìsíìtì owó orí ọkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn kan ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Káàdì ìdìbò wà níbẹ̀. Ìwé kan wà tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Bakassi, èyí tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1996. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìwé méjì kan wà tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, rìsíìtì owó sẹ́fà (CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù) tó san lórí ilé rẹ̀ kí ó tó kó wá. Ó ń to ti Nàìjíríà lé orí itan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Kọ́pà, gbogbo èyí ni ọkọ mi san fún Nàìjíríà. Bá mi wo inú agolo yìí dáadáa. Èwo ni Nàìjíríà san fún mi?"

N kò rí èsì kankan fún Màmá. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ti Nàìjíríà ló tọ́jú jù. Ẹni tí kò fẹ́ ìlú kan mọ́, kì í tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ sínú agolo.

Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn tó ṣí wá, ní Ekpri Ikang. Wọ́n tún gé wọ́ọ̀dù mẹ́ta kúrò lára Akpabuyo, wọ́n sì sọ ọ́ di ìjọba ìbílẹ̀ Bakassi tuntun. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n apẹja ni àwọn ènìyàn yìí. Inú igbó, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni ilé náà wà. Ẹni tó ti ń fi ọkọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti kékeré, ẹ fún un ní yàrá kan nínú oko ẹlòmíràn, ẹ sì ní kí ó máa jẹun. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn lọ sí àwọn erékùṣù Day Spring àti Kwa, níbi tí omi wà, tó sì jẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì tán di òní.

Ibí yìí gan-an ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ pé ta ló yan Kamẹrúùnù, ta ló yan Nàìjíríà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo ń bá rajà: ta ló padà wá nínú ìdílé yín, ta ló dúró? Ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n ńlá dúró. Ẹni tó ní ibi tí ó ti ń yan edé, tó ti ná owó lé e lórí, dúró. Àwọn tó padà wá ni opó, arúgbó, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá ẹlòmíràn wa ọkọ̀ tí kò ní tirẹ̀. Bí a bá ka orí lórí àwòrán ilẹ̀, a ó ní àwọn wọ̀nyí fẹ́ Nàìjíríà, àwọn wọ̀nyẹn fẹ́ Kamẹrúùnù. Irọ́ ni. Àwọn tó dúró, àwọ̀n wọn ni wọ́n dúró tì. Àwọn tó padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọn ó dúró tì. Ọkọ wà lọ́hùn-ún, ìyàwó wà níhìn-ín, owó oúnjẹ ń ti ọ̀hún wá pẹ̀lú ọkọ̀ ọjọ́ ọjà. Àwọn ọmọ tó ń jẹ owó yẹn ni wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wa ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ wọn.

Mo pàdé ará Ìlàjẹ kan létí omi ní Ikang tó máa ń kó ẹja wá láti ọ̀hún. Bí mo ṣe gbọ́ tó ń kí ẹnì kejì rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba owó edé tí mo rà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó bí ọmọ mẹ́rin. Àwọn méjì àkọ́kọ́, ìwé ìbí Nàìjíríà ni wọ́n ní. Àwọn méjì tó kẹ́yìn, ti Kamẹrúùnù ni ó gbà fún wọn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àbúrò, mo pín wọn ni. Bí ọ̀nà kan bá dí, èkejì á là. Ìwọ tí o wà nílùú tí kò sí ẹni tó ń du ú, o lè fi gbogbo ọmọ rẹ sójú kan." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ìwé ìbí ti Kamẹrúùnù ni ilé ìwòsàn tó wà nítòsí rẹ̀ ń fún ọmọ, òun ni ilé ìwé ń béèrè, kò sì sí ti Nàìjíríà kankan ní gbogbo àyíká ibẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó ń fi èdè Ìlàjẹ bá gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé ni kí wọ́n sin òun sí bí òun bá kú.

Kí ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn má pe bàbá yìí ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó ṣe, ohun tí òbí tó ní làákàyè ń ṣe ni. Mo tilẹ̀ gbàgbọ́ pé ó fi Nàìjíríà sínú ìṣirò rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà kò fi òun sínú tirẹ̀.

Àdéhùn Greentree dára ní kíkà. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé Kamẹrúùnù kò gbọdọ̀ fipá lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, kò gbọdọ̀ fipá yí wọn padà sí ọmọ ìlú mìíràn, pé kí ó bọ̀wọ̀ fún àṣà, èdè àti ìgbàgbọ́ wọn, kí ó jẹ́ kí wọ́n máa pẹja kí wọ́n sì máa dáko, kí ó má sì bu owó orí lé wọn lórí lọ́nà ojúṣàájú. Sáà pàtàkì ọdún márùn-ún kan tún wà tí wọ́n fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ó parí ní oṣù Kẹjọ 2013. Lẹ́yìn náà ni òfin Kamẹrúùnù wá di òfin fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ láìku ẹnì kan.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ owó orí yìí lẹ́nu apẹja tó pọ̀, ẹ̀dùn ọkàn wọn kò sì rí bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń gbé e. Kì í ṣe sísan ló ń bí wọn nínú. Wọ́n ti ń sanwó fún ìjọba láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà láyé. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ẹni tó gbà á lánàá yàtọ̀ sí ẹni tó dé lónìí, pé bí wọ́n bá bi í ní rìsíìtì, ìbọn ló ń nà sí wọn. Bí wọ́n bá tún wakọ̀ dé ìhà tiwa, àwọn kan á dúró létí omi, wọ́n á gba tiwọn lórí àpò edé kan náà. Ẹni tó san níbi méjì, tí kò rí omi ẹ̀rọ níbì kankan, kò ní orílẹ̀-èdè kankan tó lè fi ọkàn tán nínú ọjà rẹ̀. Owó orí lè mú kí ènìyàn gbọ́ràn. Mo ti rí i pé kò lè mú kí ó fẹ́ràn ẹni tó ń gbà á, àyàfi bí nǹkan kan bá padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2013, ìkọlù kan lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní abúlé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n sì sá wá sí Akpabuyo. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n kó wọn sí. A lọ síbẹ̀, àwa agùnbánirọ̀ mélòó kan, pẹ̀lú aṣọ àti ọṣẹ. Wọ́n ti fa okùn láti ojú fèrèsé kan dé èkejì nínú kíláàsì, wọ́n fi ìró dá yàrá ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Àwọn obìnrin ń ta díẹ̀ nínú ìrẹsì tí wọ́n fún wọn kí wọ́n lè fi ra oògùn ẹ̀fọn, nítorí ẹ̀fọn ibẹ̀ ju ebi lọ. Ọkùnrin kan rí aṣọ agùnbánirọ̀ lọ́rùn mi, ó ní mo jọ ẹni tó mọ ìwé kọ, kí n wá bá òun kọ lẹ́tà sí ìjọba. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, ó ń sọ, mo ń kọ. Ẹ́ńjìnnì Yamaha kan, ogójì agbára ẹṣin. Àwọ̀n, ó mọ gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpò edé tó ti gbẹ tó fẹ́ kó lọ sọ́jà. Ìkòkò, aago ara ògiri, bàtà ọmọ rẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, ó ti ní kí n kọ ọ́ sókè pé ọmọ Nàìjíríà ni òun. Nígbà tí a parí, ó ní kí n tún un kọ sísàlẹ̀, kí n sì fa ìlà sí i nídìí.

Mo ti ronú sí lẹ́tà yẹn gan-an. Ọkùnrin yìí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Pé ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ́ nìkan ṣoṣo ló kù tó lè fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé. Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́, pé nítorí ohun tí ó fẹ́ gbà ni. Èmi kò rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì bí àwọn tó jẹun yó ṣe ń rí i. Ọmọ tó ń sunkún sí ìyá rẹ̀ nítorí oúnjẹ, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ni kò ṣe lọ sunkún sí aládùúgbò.

Ọdún tí mo dé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún wọ abẹ́ aṣọ gbogbo ìpínlẹ̀ Cross River. Ní oṣù Keje 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí Bakassi ti lọ, Cross River kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó kan òkun mọ́, nítorí náà kànga epo 76 tí wọ́n ń du pẹ̀lú Akwa Ibom bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ni adájọ́ tẹ̀lé, n kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe dún létí ọlọ́jà Calabar: ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ yín fún àlàáfíà, lẹ́yìn náà wọ́n gba owó yín nítorí pé ilẹ̀ náà ò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń ra gààrí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù Kẹwàá. Ọdún mẹ́wàá ni òfin Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fún orílẹ̀-èdè láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìdájọ́ yẹ̀ wò, bí ẹ̀rí tuntun bá jáde, ọdún mẹ́wàá náà sì fẹ́ pé. Gbogbo Ikang gbé rédíò sétí. Ìjọba Jonathan kéde pé òun kò ní í pẹjọ́. Màmá bú wọn ní Efik, ó bú wọn ní pídíjìn, ó da omi sínú iná tó fi ń yan edé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ìpàdé àwọn tó ṣí wá láti lọ tẹ ìka sí ìwé ẹ̀hónú tuntun. Ní ọdún yẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan kéde pé kí Bakassi dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn lókè. Àwọn ọmọ tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú wọn kò ní ètò ìjọba kankan lórí, wọn ò mọ ẹni tí yóò tẹ owó fún wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹnì kan dá wọn lóhùn, bóyá Abuja, bóyá Yaoundé.

Owó ló wá yí ọ̀rọ̀ náà po lójú mi. Nígbà tí wọ́n fa Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ ní 2008, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà kò tó 300 náírà. Ẹni tó ń gbé Ikang nígbà náà lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú owó sẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní 2023, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà náà ti ju 2,000 náírà lọ. Sẹ́fà kò gbéra níbi tó wà, owó yúrò ni wọ́n so ó mọ́. Náírà ló já lulẹ̀. Mo fi ara mi mọ̀ ọ́n nínú òwò. Àwọn oníbàárà mi tó ti ń bá mi ná ọjà ní náírà láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye sẹ́fà fún mi. Ẹlòmíràn nínú wọn ṣẹ́rí edé rẹ̀ padà sí Limbe àti Douala ní Kamẹrúùnù, nítorí ibẹ̀ ló ti ń rí owó tí kò ní í yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó délé. Epo bẹntiróòlù náà ń rìn lọ sọ́hùn-ún. Ní oṣù Kejì 2024, lítà kan di 840 sẹ́fà ní Kamẹrúùnù, nígbà tí tiwa, pẹ̀lú gbogbo ariwo owó ìrànwọ́ tí wọ́n yọ, kò tó ìdajì ìyẹn. Ọmọkùnrin tí mo kọ́ ní ìṣirò ní 2012 ń gbé jálá epo sọdá lóru. N kò gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tó sún mọ́ ọn, n kò lè tọ́ka sí i.

Bí ènìyàn bá wo ọjà nìkan, yóò ní Ikang ti di Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní 2024, nígbà tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé ní Abidjan nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Àwọn tó dá owó sẹ́fà fún mi ní àárọ̀ ni wọ́n fò sókè nígbà tí Ademola Lookman gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì wọlé. Ẹ̀gbọ́n ará Ìlàjẹ wà láàárín wọn, tòun ti ìwé ìgbélùú Kamẹrúùnù nínú àpò. Owó tí ènìyàn ń ná kò sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà tán.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá bàbá rẹ̀ wá láti Idabato ni, ibi tí àwa mọ̀ sí Atabong. Mo fi pídíjìn bi í pé ṣé inú rẹ̀ kò dùn ni. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àǹtí, Kamẹrúùnù ni mo ti kàwé." Kò bínú, kò bú Nàìjíríà. Kò ní ẹjọ́ kankan láti rò pẹ̀lú wa. Wọ́n bí i nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ti lọ, ilé ìwé tó rí ni ó lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé wá ni ó gbà. Bàbá rẹ̀ lè jókòó kí ó fi wákàtí méjì bú Abuja, nítorí ó ń retí nǹkan láti Abuja. Ọmọ náà kò retí nǹkan kan. Òun ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ẹni tó dákẹ́ ni kí a bẹ̀rù rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ọmọ náà.

Kì í ṣe pé Kamẹrúùnù ti ra gbogbo wọn tán o. Láti 2017 tí rògbòdìyàn ti gbóná ní ìhà tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù, ọ̀nà ti yí padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Kamẹrúùnù sá wá sí Cross River, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ fún wọn ní Adagom lẹ́bàá Ogoja ní 2018. Ẹ̀gbọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Calabar nígbà yẹn. Àwọn méjì tó ní ìwé Nàìjíríà ni wọ́n rí ilé ìwé wọ̀ kíákíá. Àwọn àbúrò wọn jókòó nílé fún ìgbà pípẹ́ nítorí ìwé tí bàbá wọn gbà fún ààbò wọn. Bí omi bá ti rọ̀, wọ́n á tún padà. Ní Darak àti àwọn abúlé Adágún Chad, tó wà nínú ẹjọ́ kan náà, omi tó ń gbẹ ni àwọn apẹja wa tẹ̀lé títí wọ́n fi wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ìjọba Nàìjíríà sì tẹ̀lé wọn, kí ó tó kó kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2003. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń wá oúnjẹ kì í bi ààlà léèrè.

Ní báyìí, àbíkẹ́yìn Màmá ti dàgbà, ó fẹ́ wọ yunifásítì, ó sì nílò nọ́ńbà ìdánimọ̀. Abana ni wọ́n bí i sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, nígbà tí ọmọ ogun Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fọwọ́ sí àdéhùn Greentree. Akọ̀wé tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò rí Abana lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ó ní kí wọ́n fi Kamẹrúùnù sí ibi ìbí rẹ̀, tàbí kí wọ́n kúkú kọ Ikang kí ó lè yá. Màmá kọ méjèèjì. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ Ikang, kí ọmọ lè ráyè wọlé. Ó ní bí òun bá kọ Ikang, òun ti gbà pé Abana kò fìgbà kan jẹ́ ti Nàìjíríà nìyẹn, òun kò sì ní í fọwọ́ ara òun kọ ọ́. Wọ́n wá ní kí ó lọ búra ní kóòtù ní Calabar, kí ó mú ẹlẹ́rìí méjì dání, kí ó padà wá. Owó ọkọ̀ ẹni mẹ́ta àti owó ìwé ìbúra ni wọ́n ń wá báyìí. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò fi tòun ránṣẹ́ ní sẹ́fà bí edé tó wà lórí iná bá gbẹ.